Èémí Adéagbo Nínú Ìrọ̀rí Rọ́bà

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ariwo òde má baà bo ohùn mi mọ́lẹ̀, nítorí ohùn náà kò pọ̀ mọ́. Wàhídù àbúrò mi, jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ràhímátù, fi ẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ. Lará, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ó ṣi ilé yà. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ mú ọ wá láti Zungeru, mo sì rí i bí àwọn ará ilé yìí ṣe ń wò ọ́ tìkà-tẹ̀gbin láti ìgbà tí o ti wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ni wọn yóò máa wò bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú mi tí mo ti dé pa láti ọdún 1957, tí mo lọ́ ìdérí rẹ̀ le gbọnin-gbọnin. Mo fẹ́ ṣí i lónìí, kí àyà tí ó ń dùn mí yìí tó gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi. Ẹ má dá mi dúró. Bí mo bá dákẹ́, èémí ni mo ń wá, kì í ṣe irọ́.

Gbogbo yín mọ iṣẹ́ mi. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo ń lẹ tíúbù, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Nassarawa. Kò sí ọ̀gá tí ó kọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo tú kẹ̀kẹ́ bàbá wa palẹ̀, mo tò ó padà, irin kékeré kan sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Bàbá lù mí. Nígbà tí ẹkún tán lójú mi, mo tún un tú, mo sì ń tò ó títí mo fi mọ ilé irin náà. Bí mo ṣe rí nìyẹn títí di òní. Bí mo bá rí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí n kò bá mọ ohun tí ó mú un ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń yìn mí nítorí rẹ̀. Ìyìn náà wà lára ohun tí ó bà mí jẹ́. Kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo ṣe lébìrà ní rélùwéè, níbi tí wọ́n ti bu pá fún gbogbo wa, tí àmì rẹ̀ ṣì wà ní apá òsì mi yìí. Ẹ rántí àmì náà. Èmi gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí n rántí.

Adéagbo, ọkọ Lará, ọmọ Ìkìrun, ọ̀rẹ́ mi ni. Àwọn òyìnbó tí ń wọn ilẹ̀ ni ó ń bá ṣiṣẹ́, òun ni ó ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ la inú igbó kọjá. Eyín kan ń dùn ún tí kò jẹ́ kí wọ́n yọ, nítorí náà kì í mú kànáfùrù kúrò lẹ́nu. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, òórùn kànáfùrù ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ń padà sílé, ó fi bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́ tí ó ń sùn lé nínú igbó ta á lọ́rẹ. Adéagbo ká a, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, Lará tẹ̀lé e.

Ó ní, "Gàfárù, bá mi wo nǹkan yìí. Òyìnbó ní bí mo bá sùn lé e lórí, n ó máa lá àlá ìlú òyìnbó."

Mo ní, "Àlá wo ni o wá lá?"

"Mo lálàá pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo sùn sí. Nígbà tí mo lajú, òótọ́ ni."

Lará rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lará, mo ń rántí ẹ̀rín yẹn.

Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀, mo fẹ́ ẹ kún, mo sì fi ìfófó ọṣẹ pa á lára kí n lè rí ibi tí atẹ́gùn ti ń jò. N kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ líle ni òde rẹ̀, rọ́bà ni inú rẹ̀, wọ́n sì pín inú náà sí tóóró-tóóró bí ebè oko, kí atẹ́gùn má baà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Ìrọ̀rí rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ó ní ẹnu tirẹ̀, ẹnu idẹ, pẹ̀lú awọ pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìdérí tí ó ń dí i pinpin. Mo lẹ ibi tí ó jò lára bẹ́ẹ̀dì. Mo fi irin kékeré kan so ẹnu rẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnu ìrọ̀rí kò gba pọ́ǹpù, ẹnu ènìyàn ni ó ń fẹ́. Adéagbo kúnlẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ, mo yí ìdérí pa. A fi etí sí i, kò jò rárá. Inú mi dùn sí ìrọ̀rí yẹn ju bí ó ṣe yẹ kí inú ènìyàn dùn sí rọ́bà lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìgbóná, tí àwọn Hausa ń pè ní agana, kọ lu Adéagbo. Wolé-wolé wa nígbà náà ni Mísítà Simeon, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í pariwo. Ó bu pá fún Lará lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ahéré kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé kún lónìí tí wọ́n ń pè ní Sauka Kahuta. Igbó ni nígbà náà. Wọn kò jẹ́ kí Lará kọjá ìdí igi àjàgbọ̀n tí ó wà lójú ọ̀nà. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, nítorí Simeon wo apá mi, ó sì ní kò séwu. Ara Adéagbo kò gba ẹní mọ́, kò gba aṣọ. Orí bẹ́ẹ̀dì rọ́bà yẹn nìkan ni ó ti ń rí oorun díẹ̀ sùn. Mo ń fi pọ́ǹpù fẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìrọ̀rí. Nígbà tí mo bá wọlé, yóò ti ṣí i, yóò ti tún un fẹ́, yóò sì ti dé e.

Mo ní, "Adéagbo, sinmi. Kò jò kẹ̀. Kí lo ń fẹ́ ẹ fún?"

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì lè fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ tí n kò bá lè fẹ́ ẹ kún mọ́, mo ti mọ̀." Nígbà tí ó yá, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí irin tí a mú kúrò nínú oòrùn. "Gàfárù, bí mo bá kú, bá mi ṣí i. Má jó o ní dídé. N kò fẹ́ kí wọ́n sin mí síhìn-ín, kí èémí mi sì wà ní àtìmọ́lé níbòmíràn."

Mo ṣèlérí fún un. Mo fi orúkọ Ọlọ́run sí i.

Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bo gbogbo òkè Minna mọ́lẹ̀. Wọ́n sin ín. Simeon sì dúró sẹ́nu ahéré, ó ní, "Malam Gàfárù, gbogbo ohun tí ó wà níbí, iná ni. Ẹní, aṣọ, igbá, àti rọ́bà yẹn. Mi ò ní kí ẹ yan èyí tí ó dára sọ́tọ̀ o." Wọ́n ń pè é sí ibòmíràn tí àìsàn náà tún ti yọjú, ó sì fi mí sílẹ̀ láti ṣe é. Mo ti gbé kẹrosíìnì wá, mo sì ti yí ògbólógbòó táyà kan wá tí n ó fi ko iná. Lará dúró lọ́hùn-ún lábẹ́ igi àjàgbọ̀n. Ó ké sí mi pé, "Malam Gàfárù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tó jó o. Ó ké e sí mi láti ojú fèrèsé."

Mo ṣí bẹ́ẹ̀dì. Atẹ́gùn jáde nínú rẹ̀, ó rọ̀, mo ká a. Ó kan ìrọ̀rí. Mo fi ọwọ́ kan ìdérí idẹ yẹn, ọwọ́ mi sì dúró. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò, nítorí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́ nìyí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé: báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó rọ̀ fúnra rẹ̀? Mo fẹ́ mọ̀. Mo sì wo rọ́bà tí ó kù, rọ́bà dáradára tí a kò lè rí rà ní Minna, ó sì dà bí ìwà ọ̀dàlẹ̀ lójú mi láti fi iná sun ún. Mo kó bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí sínú àpò, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpáta. Mo wá fi iná sí ahéré àti táyà. Èéfín dúdú ru sókè, irú èéfín tí rọ́bà máa ń rú. Lará rí i láti ibi tí ó wà. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ó ti lọ nìyẹn." Mo sì dá a lóhùn pé, "Ó ti lọ." Èmi, ọmọ alùfáà!

N kò ṣe é bí aláìgbọ́n, ìdí nìyí tí ó fi burú. Mo se bẹ́ẹ̀dì náà nínú omi híhó, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí, n kò sè é. Mo mọ̀ pé omi híhó yóò tú sólúṣọ̀n tí wọ́n fi lẹ etí rẹ̀, yóò sì jò. Mo fi akísà tútù nù ún lójú, n kò sì tú aṣọ etí rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e ṣẹ́ po. Lẹ́yìn náà mo dán an wò lára ara mi. Mo fi ìrọ̀rí náà rọrí ní ọ̀sán, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, mo ń retí bóyá ara mi yóò gbóná. Ara mi kò gbóná. Mo wí fún ara mi pé mo ti dán an wò, ó dára. Ẹni tí wọ́n ti bu pá fún ni ó ń dán ìgbóná wò lára ara rẹ̀! Bí ẹlòmíràn bá ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹlẹ́yà.

Mo gé bẹ́ẹ̀dì náà. Mo fi òmíràn lẹ tíúbù, mo fi òmíràn rán gúgà tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Mo gbé ìrọ̀rí sórí igi àjà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń wò ó. Kò rọ̀. Ọyẹ́ kọjá lórí rẹ̀, ooru kọjá, kò rọ̀. Ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú, yóò sún kì, etí rẹ̀ yóò hunjọ. Bí oòrùn bá kan páànù lọ́sàn-án, yóò wú, aṣọ rẹ̀ yóò sì dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn máa ń fẹ̀ nínú ooru, ó máa ń kì nínú òtútù, bí ó ṣe ń ṣe nínú táyà náà nìyẹn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Hausa kan gbé kẹ̀kẹ́ wá ní ọ̀sán gangan, ó jókòó, ó sì gbójú sókè.

Ó ní, "Malam, wa ke numfashi a sama?" Ó ń bèèrè ẹni tí ń mí lókè.

Mo ní ooru ni. Ó ní, "To," pé ó dára. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó lọ dúró sínú oòrùn títí mo fi lẹ tíúbù rẹ̀ tán. Kò padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ìgbà náà ni Wàhídù gbé Kàbírátù níyàwó, láti abúlé kan nítòsí Afọ́n. Ràhímátù, n ó sọ fún ọ bí ìyá rẹ ṣe rí, nítorí ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ inú ilé. Kò pe orúkọ mi rí, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mí. Ó sọ mí ní Ọkọ Mi Onípọ́ǹpù. Ó máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ó bá ń ti ọjà bọ̀, yóò máa bèèrè pé kí ni èyí, kí ni ìyẹn, èmi yóò sì máa ṣàlàyé, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, oyún rẹ ti tóbi nínú rẹ̀, ó rí àmì apá mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya yín lápá bẹ́ẹ̀ yẹn, Onípọ́ǹpù? Haba! Nígbà tí àwọn abupá dé abúlé wa, inú àká àgbàdo ni mo wọ̀. Wọ́n wá mi títí. Ìyá mi ní mo ti lọ sóko. Eku ń rìn lórí ẹsẹ̀ mi, n kò mí." Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. "Ẹ wo apá mi, ó ń dán bí apá ọmọ tuntun."

Mo wo apá náà. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Wallahi, mo rẹ́rìn-ín, ìrọ̀rí sì ń bẹ lókè orí àwa méjèèjì, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé tíúbù ni mo ń wò, mo ì bá ti rí ibi tí ó ti jò. Ènìyàn ni mo ń wò, n kò sì rí i.

Ẹ fún mi lómi.

Nígbà tí ó bímọ, ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń dùn ún. Wàhídù ní kí n bá òun wá ìrọ̀rí tí ó rọ̀. Ǹjẹ́ o rántí, àbúrò mi? Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n bèèrè ohun tí ó ti ń tọ́jú sílẹ̀. Mo gbé ìrọ̀rí náà sọ̀ kalẹ̀, mo nu eruku rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e wá fún ìyá ọlọ́mọ. Gbogbo ilé ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Kàbírátù gbé orí lé e, ó sì gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó ní, "Ta ni ó fẹ́ ẹ?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Àwọn ìyàwó yòókù, ẹ wò ó o, orí èémí ọkọ mi ni mo sùn sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Lará wá láti kí wa, nítorí ó ṣì ń gbé Minna, ó sì fẹ́ràn ọmọ. Ó gbé Ràhímátù lẹ́sẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí Kàbírátù jókòó sí, ó sì fa òórùn símú. Ó ní, "Ta ni ń jẹ kànáfùrù níbí?" Kò sí ẹni tí ń jẹ ẹ́. Mo jáde sí gbàgede bí ẹni tí ó fẹ́ tutọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Kàbírátù sọ fún mi pé òun ń lá àlá kan. Ọ̀sán ni, ó ń fún ọmọ lọ́yàn, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. "Ọkọ mi Onípọ́ǹpù, ọkùnrin kan máa ń wá jókòó ti orí mi. Ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Kì í bá mi jà o. Ó kàn ń bẹ̀ mí pé kí n ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ní ilẹ̀kùn wo? Ó ní èyí tí mo gbórí lé."

Ó yẹ kí n gba ìrọ̀rí náà nígbà yẹn. Mo sọ fún un pé àárẹ̀ ìbímọ ni.

Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀ ro ó. Lẹ́yìn náà ni ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí yọ sí i lára, ojú ni ó kọ́kọ́ yọ sí, kí ó tó kan ọwọ́, ó sì yọ sí ọmọ náà lára. Simeon dé, ó wò wọ́n, ó ti gbogbo ilé pa, ó bu pá fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ó pè wá jọ sí gbàgede. Ó ní, "Kò sí agana ní Minna láti ìgbà tí Adéagbo kú. Kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Èépá rẹ̀ lè sùn pẹ́ nínú aṣọ, nínú ìṣẹ́po, kí ó tó jí. Ẹ rò ó wò. Ta ni nǹkan kan láti inú ahéré yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Nígbà tí ó sọ pé nínú ìṣẹ́po, mo rí etí ìrọ̀rí náà lójú mi kedere bí ẹni pé mo dì í mú. Bí mo bá ti sọ ọ́ níbẹ̀, ẹ̀gàn ni n ó jẹ, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti di ẹni tí kò mọ nǹkan. Mo la ẹnu, mo ní, "Lará gbé ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó. Àwọn obìnrin ilé wa àti ti àdúgbò kọjú sí ilé Lará. Simeon ń ké pé kí wọ́n dúró, kí òun yẹ ẹrù rẹ̀ wò ná, wọn kò gbọ́. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ń bu erùpẹ̀ lu ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Ó sáré wá bá mi ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìborí ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Malam Gàfárù, ẹ sọ fún wọn! Ẹ̀yin ni ẹ jó o. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ jó gbogbo rẹ̀." Mo sì wo ojú rẹ̀, mo ní, "Mo jó ohun tí mo rí. Bóyá ohun tí n kò rí ni ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ." Lará, o kò bú mi. O kàn wò mí, bí ẹni tí ń wo irin tí kò mọ ilé rẹ̀. O sì yí padà, o gba ọ̀nà rélùwéè lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mí. Èyí tí ó burú jù ni ó kù.

Simeon ń bọ̀ wá kó gbogbo ohun tí ó wà ní yàrá Kàbírátù. Mo mọ̀ pé bí ó bá tú aṣọ ara ìrọ̀rí náà, yóò dá a mọ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí Wàhídù lọ pọn omi, mo wọ yàrá náà. Ojú rẹ̀ ti dí. Kò sí ibi tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kò ní dùn ún. Ìrọ̀rí yẹn nìkan ni ó gbà á, bí ó ti gba Adéagbo. Mo tẹ ọwọ́ sábẹ́ ọrùn rẹ̀, mo sì fa ìrọ̀rí náà yọ. Orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò ké. Ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ mi, ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ọkọ mi Onípọ́ǹpù, ṣé ẹ ti wá ṣí i fún un?"

Mo fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, mo gbé ìrọ̀rí sábẹ́ agbádá, mo jáde sẹ́yìn ilé. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri yàrá rẹ̀, mo yí ìdérí idẹ náà. Mo ti tú atẹ́gùn kúrò nínú rọ́bà ju iye irun orí mi lọ, mo mọ ohùn tí ó máa ń ṣe: fììì, ó tán. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde díẹ̀, ó dúró. Ó tún jáde díẹ̀, ó tún dúró. Ó gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Òórùn kànáfùrù kún ẹ̀yìn ilé. Ó ń jáde, ó ń dúró, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ kí ó lè tètè tán. Bí ó ti jáde gbẹ̀yìn, mo gbọ́ ìró kan náà láti inú yàrá, ní ìhà kejì ògiri, ó jáde, kò sì tún wọlé mọ́. Nígbà tí Wàhídù gbé omi dé, ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Mo ti wá àlàyé sí ìyẹn. N kò rí.

N kò lè jó ìrọ̀rí náà, nítorí èéfín rẹ̀ yóò tú mi fó. Mo yí ìdérí rẹ̀ pa padà, mo gbẹ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo bò ó mọ́lẹ̀. Ràhímátù yè. Àpá náà wà lójú rẹ̀, gbogbo yín rí i. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ní ìgbà ooru, ní ọ̀sán, ó ń gbé àpótí ìjókòó mi sókè. Mo mọ̀ pé amọ̀ máa ń wú. Mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì náà sán, ọ̀nà tí ó gbà sán sì yí po bí etí ìrọ̀rí.

Ní ọdún yìí àwọn abupá dé pẹ̀lú ìbọn tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ wò ó, ẹ rántí. Ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan nílẹ̀, agbára náà ń gba inú rọ́bà lọ sínú ìbọn, òògùn sì ń wọ apá láìsí ihò. Inú mi dùn. Mo ń wo rọ́bà náà, mo ń rò bí wọ́n ṣe so ó. Nígbà náà ni ó kan Ràhímátù lórí ìlà. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ke, wuce," pé kí ó kọjá, agana ti bu pá fún un fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ràhímátù tẹ orí ba, ó wá dúró ti mí, ó sì bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ta ni ó kó o ràn mí?" Mo ní, "Wọ́n ní obìnrin kan ni, Lará." Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo tún sọ ọ́! Láti ọjọ́ náà ni èémí mi kò ti wọlé dáadáa mọ́.

Èmi ni, Ràhímátù. Èmi ni mo pa ìyá rẹ. Wàhídù, o ti ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ó pa ìyàwó rẹ. Bí o bá fẹ́ dìde, dìde, n kò ní bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé yìí tí ẹ jókòó síbẹ̀, tí ọwọ́ yín mọ nǹkan í ṣe, tí inú yín máa ń dùn sí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́: ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ jó, ẹ jó o. Ẹ má wo bí ó ṣe dára tó. Bí ẹ bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ẹ ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ ránṣẹ́ pe wolé-wolé. Kí ẹni tí kò bá ní àmì lápá má sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ gbé àpótí ìjókòó mi kúrò, ẹ fọ́ sìmẹ́ǹtì náà, ẹ fi ṣọ́bìrì gbé ìrọ̀rí náà jáde, ẹ má fi ọwọ́ gbé e. Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé èéfín rẹ̀ lọ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi di eérú. Atẹ́gùn díẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo dé e, n kò mọ èyí tí ẹ máa bá níbẹ̀. Lará, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o lọ pẹ̀lú wọn. Àmì ń bẹ lápá rẹ. Kí wọ́n tó fi iná sí i, ìwọ ni kí o yí ìdérí náà. Apá òsì ni kí o yí i sí. Ó le díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.